Ọgbà Àjàrà Nínú Òtútù

Ẹ̀yin ìyàwó ilé ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹnìkan bá ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé àjàrà ń so dáadáa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rín ni ǹ bá fi rín. Ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú ganrínganrín ni mo mọ èso náà mọ́. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù kẹrin ọdún kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí oyún wálẹ̀ lára mi, Bàbá Táyọ̀ ní kí a kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọjọ́ kan péré. Láti ọjọ́ tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ wa kò ju “oúnjẹ ti délẹ̀” lọ.

A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Dorking ní Surrey, a sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ọgbà Denbies, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbin àjàrà ní ọdún 1986. Ìlà àjàrà gun òkè lọ bí irun tí a dì. Ní iwájú wa ni Box Hill wà, tí igbó bò. Ilẹ̀ ibẹ̀ funfun nísàlẹ̀ bí ẹfun, irú èyí tí ó wà ní Champagne ní ilẹ̀ Faransé. Nítorí òtútù, èso náà kì í tètè pọ́n, kíkan rẹ̀ kì í sì í tán. Kíkan yìí gan-an ni ó ń mú kí ọtí wáìnì tí ń hó dára. Kí n má purọ́, ó kan jù fún mi, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mu ọtí pàápàá yóò gbádùn ìrìn náà.

Obìnrin àgbà kan tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fi ọ̀mùnú àjàrà hàn wá. Ó ní ìrì dídì òru kan ṣoṣo lè pa gbogbo rẹ̀, bí ó ti ṣe ní ọ̀pọ̀ ọgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹrin ọdún 2017. Àwọn olóko kan a máa jí lóru láti tan àbẹ́là ńláńlá sáàárín àwọn ìlà náà. Ó ní igi tí ọ̀mùnú rẹ̀ kú a tún máa yọ òmíràn, bí èso rẹ̀ kò tilẹ̀ pọ̀ tó ti àkọ́kọ́.

Mo yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá Táyọ̀ di ọwọ́ mi mú.

“Ìyá Táyọ̀,” ni ó wí, “èmi náà sunkún. Ilé ìwẹ̀ ni mo ti ń sun ún.”

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ní etí ọ̀nà, a sì sọ̀rọ̀ títí ọkọ̀ tí a fẹ́ wọ̀ padà fi lọ.