Ohun Tí A Bá Fi Ẹ̀sọ̀ Mú: Eré Ìdárayá Lókè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dún lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Sùúrùlérè, nílùú Èkó, kì í ṣe kòkòrò búburú. Ìwòsàn ni. Obìnrin olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ni ó ń fò sókè sódò nínú pálọ̀ rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, nítorí pé dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, àti pé yàtọ̀ sí oògùn tó ń lò, kí ó máa ṣe eré ìdárayá.

Kì í ṣe pé kò gbìyànjú láti máa rìn níta. Òpópónà àdúgbò rẹ̀ kò ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Gọ́tà wà lápá kan, àwọn ọlọ́jà pàtẹ sí apá kejì, kẹ̀kẹ́ Márúwá sì ń sáré láàárín. Ó wá padà sínú ilé, ó gbé fóònù rẹ̀ ti orí tábìlì, bí ọ̀dọ́mọbìnrin inú fídíò bá sì ti fò, òun náà á fò.

Nọ́ọ̀sì ni ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀. Iṣẹ́ òru ni ó ń ṣe. Ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ fún gbogbo ayé ni ilẹ̀ ń ṣú fún un. Ó fara dà á fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó yá, ó gun àtẹ̀gùn lọ, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú sí mi, mọ́mì. Òru ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ojúmọmọ ni mo fi ń sùn. Orí mi gan-an ni ẹ ń fò lé.”

Ojú ti olùkọ́ náà. Ó bẹ ọmọbìnrin náà, ó sì pa fídíò náà tì láti ọjọ́ yẹn. Ó pa eré ìdárayá tì pẹ̀lú.

Kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì. Èyí òkè ń wá ìlera, èyí ìsàlẹ̀ ń wá oorun, oorun náà sì jẹ́ ìlera. Ilé tí wọ́n jọ ń gbé ló so wọ́n pọ̀. Ìró tó ń gba inú afẹ́fẹ́, bí ohùn rédíò, máa ń dín kù bí a bá ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ìró ẹsẹ̀ tó balẹ̀ gììrì kò rí bẹ́ẹ̀. Inú kọnkéré ni ó ń gbà, a sì máa bá ògiri sọ̀ kalẹ̀ dé yàrá ìsàlẹ̀. Bí ènìyàn bá ń sáré, agbára tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń lu ilẹ̀ máa ń tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹní tó nípọn lè gba díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gba gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà tó dájú jù ni kí ẹsẹ̀ kan, ó kéré tán, má ṣe kúrò nílẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì pàdé lórí àtẹ̀gùn. “Mọ́mì, ṣé àlàáfíà ni? Mi ò gbúròó yín mọ́.”

“Ṣé ìwọ kọ́ lo ní kí n má fò mọ́ ni, ọmọ mi?”

“Fífò ni mo ní kí ẹ má fò mà. Mi ò ní kí ẹ má ṣe eré ìdárayá.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí ó tó lọ sẹ́nu iṣẹ́, nọ́ọ̀sì náà gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru gòkè. Ohun tí ẹ̀rọ náà sọ kò dùn mọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Ni ó bá fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó rọra tẹ orúnkún rẹ̀ títí ó fi dà bí ẹni tó jókòó sórí àga tí ojú kò rí, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Kò fò, kò mira. Láìpẹ́ itan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ìjókòó orí afẹ́fẹ́ yìí kì í ṣe àwàdà. Ní ọdún 2023, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn British Journal of Sports Medicine gbé àkójọpọ̀ ìwádìí 270 jáde, nínú èyí tí àwọn ènìyàn tó lé ní 15,000 ti kópa. Ó hàn níbẹ̀ pé nínú oríṣiríṣi eré ìdárayá, irú èyí tí iṣan ti ń ṣiṣẹ́ láìsí pé ara kúrò lójú kan ló mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe é ni ìṣẹ́jú méjì lára ògiri, ìsinmi ìṣẹ́jú méjì, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè fi ìṣẹ́jú àáyá 20 bẹ̀rẹ̀. Kò gbọdọ̀ di èémí rẹ̀ mú, nítorí ìyẹn lè mú kí ìfúnpá náà lọ sókè lójijì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru gan-an sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀.

Àwọn mìíràn tún wà tí kì í pariwo. Ènìyàn lè máa dìde lórí àga kí ó sì tún jókòó, láìfi ọwọ́ tì í. Ó lè fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, kí ó máa rọ àyà sún mọ́ ọn kí ó sì máa tì í padà. Ó lè dùbúlẹ̀ lórí ẹní, kí ó tẹ orúnkún, kí ó gbé ìdí sókè, kí ó sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí a bá ṣe ń rọra sọ ara kalẹ̀ tó ni iṣan ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ará òkè tún ní ohun tí ará ìsàlẹ̀ kò ní: àtẹ̀gùn. Ní ọdún 1953, dókítà Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London. Awakọ̀ ń jókòó ní gbogbo ọjọ́. Agbowó ọkọ̀, tí àwọn ará Èkó ń pè ní kọ̀ndọ́, ń gun àtẹ̀gùn inú ọkọ̀ lọ sókè sódò. Àrùn ọkàn kò pọ̀ láàárín àwọn agbowó ọkọ̀ tó bí ó ti pọ̀ láàárín àwọn awakọ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lo ara níwọ̀ntúnwọ̀nsì lọ́sẹ̀, kí ó sì fún iṣan lókun ní ọjọ́ méjì, ó kéré tán. Láti ọdún 2020, àjọ náà kò sọ mọ́ pé ó dìgbà tó bá pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan kí ó tó wúlò. Díẹ̀díẹ̀ náà ń kà.

Olùkọ́ náà kò tíì jáwọ́ nínú oògùn rẹ̀, nọ́ọ̀sì náà sì ń gòkè wá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ọ̀kan ń sùn nísàlẹ̀, èkejì fi ẹ̀yìn ti ògiri lókè, ó ń kà á sókè nínú ara rẹ̀ láti oókan dé ọgọ́fà.