Owó Tí Kò Lọ́jọ́

Ní oríta kan ní Ìbàdàn, láti nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀, àwọn lébìrà ti tò sétí títì pẹ̀lú ṣọ́bìrì wọn. Bí ọkọ̀ kan bá ti fẹ́ dúró, gbogbo wọn á ya bò ó. Ẹni méjì á wọ inú rẹ̀, àwọn tó kù á padà sídìí ṣọ́bìrì. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọjọ́ ti lọ, síbẹ̀ wọn kì í tètè lọ sílé. Ọ̀kan nínú wọn, tó ní ọmọ mẹ́ta, sọ fún mi pé: "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá wọlé lọ́sàn-án, ìyàwó á wo ọwọ́ mi kó tó wo ojú mi." Ó máa ń dúró dìrọ̀lẹ́.

*

Owó kékeré yàtọ̀ sí owó tí kò dájú. Ẹ jẹ́ ká mú olùṣọ́ ọ́fíìsì kan tó ń gba ₦70,000, owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2024. Kò tó jẹun, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n ó lè dá ọjọ́ fún onílé, ó lè bẹ ilé ìwé ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n ní sùúrù di ìparí oṣù. Bíríkìlà lè pa ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò wá dé, kí iṣẹ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ wo ló fẹ́ dá, fún ta ni? Ó ń parọ́ láìfẹ́ parọ́. Àwọn ènìyàn ń pè é ní òpùrọ́, títí òun náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé òpùrọ́ lòun. Ní tèmi, ibẹ̀ gan-an ni àárẹ̀ ọkàn ti ń ráyè wọlé.

*

Awakọ̀ dánfó tí ọkọ̀ kì í ṣe tirẹ̀ ń jí sínú gbèsè lójoojúmọ́. Dẹlífà tó máa fún ọlọ́kọ̀ lálẹ́ kì í yí padà, èrò ì báà wà, èrò ì báà má sí, kódà bí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ bá jẹ ìdajì ọjọ́. Lẹ́yìn owó epo, lẹ́yìn owó agbèrò, lẹ́yìn dẹlífà, èyí tó bá ṣẹ́kù ni tirẹ̀, bó bá ṣẹ́kù. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde ní 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, epo tí lítà rẹ̀ kò tó ₦200 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mi ò ní gbèjà èébú tí àwọn awakọ̀ ń bú èrò nítorí ṣéńjì. Àmọ́ ẹni tó ti ń ṣírò látàárọ̀ bóyá òun á rí nǹkan gbé lọ sílé, níbo ni sùúrù ti fẹ́ wá?

*

Ní 2013, àwọn onímọ̀ kan, tí Sendhil Mullainathan àti Eldar Shafir wà lára wọn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn àgbẹ̀ oníreke ní Tamil Nadu, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Lẹ́yìn ìkórè ni àwọn àgbẹ̀ yìí ń rí owó gidi. Wọ́n fún wọn ní ìdánwò làákàyè ṣáájú ìkórè, nígbà tí wọ́n ń yáwó, tí wọ́n ń fi ẹrù dógò. Wọ́n tún fún àwọn kan náà ní ìdánwò lẹ́yìn ìkórè. Ti ẹ̀yìn ìkórè dára ju ti ìṣáájú lọ. Orí kan náà ni. Ìrònú owó ló ti gba àyè inú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń sọ pé àìgbọ́n ló sọ mẹ̀kúnnù di mẹ̀kúnnù ro ti àwọn àgbẹ̀ yìí dáadáa. Wọ́n tiẹ̀ mọ ìgbà tí ìkórè wọn ń bọ̀. Lébìrà etí títì kò mọ tirẹ̀.

*

Àwọn ọmọ mọ̀. Látorí bí bàbá ṣe ń ṣílẹ̀kùn ni wọ́n ti máa ń mọ̀ bóyá àwọn lè béèrè owó ìwé.

*

Ìyá ẹlẹ́ja kì í dé ilé ìwòsàn kó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ń ṣe òun. Ohun tó máa sọ ni pé, "Nọ́ọ̀sì, nǹkan ń rìn nínú orí mi, etí mi ń hó, àyà mi ń já, n kò sì rí oorun sùn." Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò fún ibà, wọ́n á fún un ní parasitamọ́ọ̀lù. Ọdẹ orí ni àwọn àgbà ń pe irú àìsàn yìí. Oníṣègùn ọpọlọ kan, Roger Makanjuola, kọ̀wé lé e lórí ní 1987, ó sì fi hàn pé ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn tó ti di àìsàn ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Bí mo bá láṣẹ, màá fi ìbéèrè kan kún èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń béèrè: "Màmá, ọjà ńkọ́?" Kí wọ́n sì fara balẹ̀ gbọ́ èsì.

*

Ẹ̀yáwó orí fóònù ti ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn sogúndogójì. Kò sí onídùúró. Ìṣẹ́jú díẹ̀, owó ti wọlé. Bí ọjọ́ bá pé tí owó ò sí, àtẹ̀jíṣẹ́ á lọ bá àna, á lọ bá pásítọ̀, á lọ bá gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù náà, pé olè ni lágbájá. Mo mọ aránṣọ kan tó pa fóònù rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nítorí ìtìjú yìí. Àwọn oníbàárà tó fẹ́ gbéṣẹ́ fún un pè é títí, wọn ò rí i, wọ́n gbé aṣọ wọn lọ síbòmíràn.

*

Alájọ ń kọjá lọ́sàn-án, ó ń gba ₦500 lọ́wọ́ ìyá aláta, ó ń sàmì sínú káàdì. Ní ìparí oṣù, owó ọjọ́ kan nínú àjọ náà jẹ́ tirẹ̀. Ó máa ń ya àwọn kan lẹ́nu pé ènìyàn lè sanwó kí wọ́n tó bá a tọ́jú owó ara rẹ̀. Ìyá aláta mọ ohun tó ń rà: ọjọ́ kan tó dájú. Bí alájọ bá wá sá lọ, owó nìkan kọ́ ló gbé sá.

*

Ìrànwọ́ ìjọba pàápàá kò lọ́jọ́. Ní oṣù Kẹwàá 2023, wọ́n kéde ₦25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta, fún ìdílé mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní oṣù Kìíní 2024, wọ́n dá ètò náà dúró láti ṣe ìwádìí. Ẹni tó ti ra ìrẹsì láwìn dè é wá ní gbèsè tuntun lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ní Kẹ́ńyà, Johannes Haushofer àti Jeremy Shapiro rí i, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016, pé ọkàn àwọn ìdílé aláìní tí wọ́n fún lówó ọ̀fẹ́ balẹ̀ ju ti àwọn tí kò rí gbà lọ. Owó náà dé ọwọ́ wọn ni.

*

Òfin ìlera ọpọlọ ilẹ̀ wa gba ìbuwọ́lù ààrẹ ìgbà náà ní oṣù Kìíní 2023, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lílọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Aró tàbí Yábàá jẹ́ odindi ọjọ́ kan láìpa kọ́bọ̀: owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, ìlà gígùn, ìsọ̀ ní títì. Láti 1954 ni oníṣègùn ọpọlọ T. A. Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí Aró ká, pẹ̀lú ẹbí tó bá wọn wá, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú láti ibẹ̀. Inú ọjà, kì í ṣe abúlé, ni àwọn tí mò ń kọ̀wé nípa wọn yìí ń gbé ọjọ́ wọn. Nítorí náà, ó yẹ kí nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ ní ìjókòó ní ọjà Bódìjà, kó ní ìjókòó ní ọjà Oyíngbò, ní ìrọ̀lẹ́ tí èrò bá ti dín kù, kó sì máa wá ní ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.