Láàárín Owó Àkọ́kọ́ àti Owó Ìkẹyìn

Ẹni tó ń háyà yàrá ní Ugbuwangue, nínú Warri níbí, kì í sábà ní odindi owó pulọ́ọ̀tì kan lọ́wọ́. Owó oṣù ló ní, tàbí èrè ọjà tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Báńkì kò ní yá a lówó lórí ilẹ̀ oko tí kò ní ìwé. Onílẹ̀ nìkan ló kù tó lè sọ fún un pé, "Mú ìdá kan nínú mẹ́ta wá, kó o máa san ìyókù." Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn irú ọjà yìí. Ìdí kan náà ló fi ń bà mí lẹ́rù: ẹni tí kò lówó púpọ̀ ló ń rà á, bí èyí tó san bá sì nù, kò ní òmíràn.

*

A mọ ẹni tó ń mú nǹkan wá fún onílẹ̀ lọ́dọọdún. Ìṣákọ́lẹ̀ ló ń san. Ó lè fi ogójì ọdún dá oko náà, kí ọmọ rẹ̀ tún dá a lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ ilẹ̀ kò di tirẹ̀. A sì mọ ilẹ̀ tí wọ́n fi dógò: ọmọ-ọmọ ẹni tó fi í dógò lè kó owó dé lọ́jọ́ kan, kó gba ilẹ̀ bàbá ńlá rẹ̀ padà, nítorí ìdógò kì í pẹ́ títí kó di títà.

Ẹ wá wo ẹni tó ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí kan, tó ń san ìdá kan lẹ́yìn ìkórè kọ̀ọ̀kan. Ohun tí àwọn ọmọdé inú ilé náà ń rí ni àlejò tó ń mú owó wá fún bàbá wọn lọ́dọọdún. Bí bàbá bá kú, tí ọ̀rọ̀ dé iwájú àgbà, ohun tí wọ́n rí ni wọn yóò sọ, wọn kò sì parọ́. Rísíìtì tí wọ́n kọ "a gba owó lórí ilẹ̀" sí kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ó sọ pé owó ríra ni, pé ìdá kẹta nínú márùn-ún ni, àti iye tó ṣẹ́kù. Kí ẹni méjì láti inú ẹbí náà jẹ́rìí sí i. Ìdá kọ̀ọ̀kan ni mò ń wí o, kì í ṣe ti àkọ́kọ́ nìkan.

*

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà bóyá ẹ lè gbin ọ̀pẹ tàbí rọ́bà lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹni tí a kàn yá ní ilẹ̀, ẹ̀gẹ́ àti iṣu ni àṣà gbà á láyè láti gbìn, nítorí igi ń pẹ́ lórí ilẹ̀. Bí onílẹ̀ bá gbà fún ẹ̀gẹ́ tí kò gbà fún ọ̀pẹ, lọ́kàn tirẹ̀, kò tíì ta nǹkan kan.

*

Ní 1997, nínú ẹjọ́ Odusoga àti Ricketts, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń san díẹ̀díẹ̀ gbọ́. Bó bá jẹ́ ọjà lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀, tí ẹni tó ń rà kò sì san owó rẹ̀ tán, títà kò tíì ṣẹlẹ̀, ì báà jẹ́ pé ó ti wà lórí ilẹ̀ náà. Mo ka èyí, ó sì dùn mí nítorí àwọn tí mo mọ̀ tó ti kọ́ ilé dé òrùlé lórí ilẹ̀ tí owó rẹ̀ kù díẹ̀. Ìwé àdéhùn tí lọ́yà kọ, tó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí owó bá pẹ́, ni ààbò irú ẹni bẹ́ẹ̀: oṣù mélòó ni wọn yóò fi dúró dè é, èélòó ni yóò gbà padà bí ọjà bá tú, ta ni yóò sì sanwó ilé tàbí ọ̀pẹ tó wà lórí ilẹ̀.

*

Bàbá Yorùbá kan tó ti pẹ́ ní Warri ń sọ fún mi nípa ilẹ̀ tó ń rà lẹ́yìn ìlú.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ta lẹ ń sanwó fún?"

"Ọ̀gá tó mú mi wọ ilẹ̀ náà."

"Ṣé òun ni olórí ẹbí?"

"Rárá o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Sapele ni ẹ̀gbọ́n wà."

Ó ti san ìdá mẹ́ta. Ọdún 1959 ni ilé-ẹjọ́ ti là á, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika: bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ láìbá àwọn àgbà ẹbí sọ ọ́, wọ́n lè ní kí ilé-ẹjọ́ tú ọjà náà ká. Bí àwọn ará ilé bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, kò sí ọjà rárá. Mo bẹ bàbá pé kó lọ sí Sapele kí ìdá kẹrin tó pé.

*

Warri ni ẹjọ́ ilẹ̀ tí gbogbo lọ́yà Nàìjíríà ń tọ́ka sí ti wá: Idundun àti Okumagba, 1976. Adájọ́ Fatayi-Williams ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló nilẹ̀: ìtàn ìdílé, ìwé, lílo ilẹ̀ náà bí onílẹ̀ ṣe ń lò ó fún ọdún púpọ̀, jíjókòó pẹ́ lórí rẹ̀, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà. Ẹni tó ń san díẹ̀díẹ̀ kò ní ìtàn ìdílé níbẹ̀, kò sì tíì pẹ́ lórí rẹ̀. Ìwé ló kù fún un, àti kí àwọn tí wọ́n jọ pààlà mọ ojú rẹ̀.

*

Láti ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn àgbẹ̀ Krobo ní Ghana ti ń ra igbó lọ́wọ́ àwọn ìjòyè Akyem Abuakwa, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń san owó rẹ̀. Polly Hill kọ nípa wọn àti àwọn bíi tiwọn nínú ìwé tó jáde ní 1963. Wọn kì í dá lọ. Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń kó jọ, wọ́n ní olórí kan tó ń bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀, wọn yóò sì fi okùn pín igbó náà sí ọ̀já-ọ̀já, kálukú gẹ́gẹ́ bí owó rẹ̀ ṣe mọ. Ohun tí ilẹ̀ bá mú jáde ni wọ́n ń tà láti fi san ìyókù owó ilẹ̀. Irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tó sọ Ghana di ilẹ̀ tó ń ta kòkó sókè òkun jù lọ láyé ní 1911. Ó ń yà mí lẹ́nu pé àwọn mẹ́wàá tó ń dá àjọ pọ̀ ní àdúgbò wa kì í rò pé àwọn lè jọ ra ilẹ̀ oko kan.

*

Ní Chicago, ní nǹkan bí 1950 sí 1970, ọ̀pọ̀ ìdílé aláwọ̀ dúdú tí báńkì kọ̀ láti yá lówó ra ilé ní díẹ̀díẹ̀ báyìí lọ́wọ́ ẹni tó ń tà. Ìwé ilé wà lọ́wọ́ olùtà títí di owó ìkẹyìn. Ẹni tó bá fo oṣù kan lè pàdánù ilé àti gbogbo ohun tó ti san. Ní 1968, wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì dáwọ́ owó dúró kí wọ́n lè tún àdéhùn wọn ṣe.

*

Ọdún 1978 ni Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde, ọdún náà ni ilé ìfọpo Warri bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀, owó irè oko àti ilé ni òfin náà ní kí wọ́n san, kì í ṣe owó ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tó gbìn ín ni yóò gba owó irè. Ẹ sì rin ilẹ̀ náà yí ká kí ẹ tó san nǹkan kan, bóyá páìpù epo gba ibẹ̀ kọjá.

*

Deve, owó tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kọ́lé, kò sí lára owó ilẹ̀. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó bá onílẹ̀ dá ìdá oṣooṣù, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá dé ni owó oṣù yẹn yóò bá wọn lọ, tí onílẹ̀ yóò sì sọ pé ẹ ti fo oṣù kan.