Àwọn tó wà lódìkejì afárá

Ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1878 ni ogun Jálumi jà ní Ìkirun. Ìbàdàn ló ṣẹ́gun. Bí àwọn ọmọ ogun Ìlọrin ṣe ń sá padà, ìtàn sọ pé àwọn ará Ìbà ti gé afárá odò Ọ̀tìn. Odò kún, wọ́n já lu omi.

Ìtàn akin ni wọ́n máa ń fi èyí sọ fún wa ní Ìbà. Ohun kan ló ń jẹ mí lọ́kàn níbẹ̀. Ẹni tó gbé àáké ti afárá yẹn, ṣé gbogbo ẹbí rẹ̀ ló ti wọlé? Ṣé kò ní àbúrò kankan lódìkejì odò?

Mo rò ó títí, ìyá ìyá mi ló sọ sí mi lọ́kàn. Bí ọmọ kan bá fẹ́ lọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí nílùú mìíràn, wọ́n á mú un jókòó lórí ẹní lálẹ́, wọ́n á máa ki oríkì orílẹ̀ wa fún un. “Tún un sọ.” Bó bá fo ibì kan, ó di àtúnbẹ̀rẹ̀. Oorun á máa kun ọmọ, màmá ò ní gbà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tán kò ní wọkọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ogun ló kọ́ àwọn àgbà lọ́gbọ́n yìí, ó dá mi lójú. Lásìkò ogun náà, àwọn ará Òkukù sá lọ sí Ìkirun. Ìsáǹsá ogun kì í sì í gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Ọmọ kan á tẹ̀ lé ìyá, òmíràn á bá ará àdúgbò lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tó sọnù bá ki orílẹ̀ rẹ̀ nílùú àjèjì, àgbà kan lè dìde níbẹ̀ kó ní, “Ọmọ wa mà nìyí!”

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ogun ti ń ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ẹbí. Láti oṣù Kejìlá ọdún 1938 títí ogun àgbáyé kejì fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1939, nǹkan bí ọmọ 10,000, Júù ni púpọ̀ jù nínú wọn, ni àwọn òbí wọn fi sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì kí ọwọ́ Hitler má baà tẹ̀ wọ́n. Káàdì tó ní nọ́ńbà ni wọ́n so mọ́ wọn lọ́rùn. Àwọn òbí ò bá wọn lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí náà ni wọ́n sì pa lẹ́yìn náà.

Àwọn òbí yẹn já ọwọ́ ọmọ wọn sílẹ̀ nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Bóyá ìfẹ́ àwọn ará ilé ló mú ẹni tó gé afárá náà ṣe é, mi ò dá a lẹ́bi. Ohun tí ọmọ mú dání kó tó kọjá ló kù tí mò ń bèèrè.

Àwọn ọmọ tiwa náà ń lọ sí Kánádà àti Ìlú Ọba báyìí, nọ́ńbà fóònù nìkan la sì ń kọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó di ẹrù wọn, ẹ rí i pé wọ́n mọ oríkì orílẹ̀ wọn tán.