Ẹnu Wo La Fẹ́ Fi Bèèrè?

Ní abúlé wa, ní agbègbè Akanran lẹ́yìn Ìbàdàn, owó orí kì í ṣe ọ̀rọ̀ téèyàn ń dédé dá sílẹ̀. Àwọn àgbà kò gbàgbé Àgbẹ́kọ̀yà. Ní ọdún 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ dìde, wọ́n ní owó orí ti wọ àwọn lọ́rùn, títí ìjọba fi dín in kù sí pọ́n-ùn méjì lọ́dún. Ọmọdé ni Bàbá àgbà mi nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń sọ bí àwọn akódà ṣe ń ká àwọn ọkùnrin mọ́lé láàárọ̀ kùtù.

Àfi bí ìbò ṣe ń sún mọ́lé, tí àwọn olóṣèlú ń pín ìrẹsì, tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n nípa ilé ìwòsàn wa! Ilé náà wà, wọ́n tilẹ̀ kùn ún, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń wá. Ìdí nìyẹn tí ìyàwó àbúrò bàbá mi fi bímọ sójú ọ̀nà, nígbà tí ọ̀kadà ń gbé e lọ sí Ìbàdàn. (Ọmọ náà yè, a dúpẹ́.) Mo bi Màmá àgbà pé kí ló dé tí wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé à ń san owó orí ni? Ẹnu wo la fẹ́ fi bèèrè?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Lọ́jọ́ ọjà, mo tẹ̀ lé Màmá lọ ta gàrí, mo sì ń kọ ohun tí wọ́n san sílẹ̀. Wọ́n san owó tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Awakọ̀ gba owó ẹrù, ó ní owó gáréèjì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ra ọṣẹ àti káàdì ìpè. Owó orí ọjà wà lórí ìwọ̀nyí, náírà méje àbọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún, èyí tí ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ jọ ń pín. Àwọn kan gbowó láìjá rìsíìtì. Ìyẹn náà tó bèèrè.

Nígbà tí mo kúnlẹ̀ ka àkọsílẹ̀ mi nípàdé abúlé, bàbá kan ní, "Ṣé àwọn agbowó orí ló rán ọ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé pé láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, òfin ti yọ ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju 800,000 náírà lọ́dún kúrò nínú owó orí. Wọn kò jẹ gbèsè, síbẹ̀ wọ́n ń san tọjà lójoojúmọ́.

Bàbá náà ló kọ́kọ́ ní kí n kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀. Mo kọ ọ́ pé, "A bẹ̀ yín, ẹ ṣàánú wa." Màmá ní kí n pa ìyẹn rẹ́, kí n kọ, "À ń bèèrè nọ́ọ̀sì tí yóò máa wà níbẹ̀ lójoojúmọ́." Wọ́n tẹ̀ka sí i. Ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ wà nínú àpótí Màmá, pẹ̀lú káàdì ìdìbò wọn.