Òjò Dídì Lóde, Irúgbìn Ewédú Nínú Ìgò

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé, ọdún 2011, àwọn ilé ìwé ìjọba kò ṣílẹ̀kùn ní ìlú Chicago. Láti ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìjì ti gbé òjò dídì dé. Nígbà tí yóò fi dá, ohun tó kó jọ sílẹ̀ ti ju ínǹṣì 20 lọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ni ó há sójú títì ńlá tó gba etí adágún Michigan kọjá, tí àwọn èrò inú wọn sì wà nínú òtútù di òru.

Nínú ilé kan ní apá gúúsù ìlú náà, ara tu abiyamọ kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì ni ìyá, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni ọjọ́ náà sì bọ́ sí. Hítà ń mú ilé gbóná. Ẹ̀kọ mímu wà nínú ife, àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo wà nínú abọ́. Ọmọ fi aṣọ òtútù wé ara rẹ̀ lórí àga, ó ní kí òjò dídì náà má tíì yọ́ títí ọjọ́ Ẹtì yóò fi kọjá.

Àwọn Yorùbá tó wà lókè òkun sábà máa ń pe nǹkan funfun yìí ní yìnyín. Ṣùgbọ́n yìnyín tí a mọ̀ nílé le bí òkúta. A máa hó gìdìgìdì lórí páànù nígbà òjò. Èyí kì í hó rárá. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa pè é ní òjò dídì, kí òun àti yìnyín má baà dàpọ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà fi hàn pé wọ́n ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, nítorí ohun tó bo ìlú yẹn kò dún, kò sì ní òórùn.

Ojú fèrèsé ni ìyá jókòó sí. Ẹ̀yìn fèrèsé náà ni ọgbà rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sí àlejò tí ìbá mọ̀ pé ọgbà ni. Orí àwọn igi tí ó fi gbé ata ró nìkan ló yọ síta. Ọkàn rẹ̀ lọ sí oṣù Agẹmọ, nígbà tí ilá máa ń ga ju ọmọ rẹ̀ lọ, tí oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́jọ alẹ́ fi ń kọjá, tí òun á sì máa já ewé ọbẹ̀ lẹ́yìn ibiṣẹ́ láìtan iná. Ó kérora. Ó ní òkùnkùn ìgbà òtútù yìí ti pọ̀ jù, pé aago márùn-ún kò tíì lù dáadáa tí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Nínú ọgbà yẹn, tẹ̀tẹ̀ kì í fún un ní wàhálà. Irúgbìn rẹ̀ a máa já sílẹ̀ fúnra rẹ̀, a sùn sábẹ́ òjò dídì, a sì tún hù nígbà tí ilẹ̀ bá móoru. Ewédú ni kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún ni í yọ ewé tútù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó tanná, kí ó tó so, kí èso tó gbó, òtútù oṣù Ọ̀wàrà á ti pa á. Ewé nìkan ni ilẹ̀ yẹn ń fún un, kì í fún un ní irúgbìn.

Èyí ló fa ìrònú. Ìgò kékeré kan wà lórí tábìlì, tí irúgbìn ewédú inú rẹ̀ rí bíi ẹ̀tù ìbọn. Ìyá rẹ̀ ló fi fún un ní Ìsẹ́yìn kí ọlọ́jọ́ tó dé bá màmá náà ní ọdún 2008. Ẹ̀yìnkùlé ni màmá ti máa ń gbìn ín. Kí ó tó gbìn ín, a dì í sínú àkísà mímọ́, a tì í bọ omi gbígbóná, a sì yára yọ ọ́, nítorí pé èèpo irúgbìn náà le, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Wọ́n ti kọ́ ilé sórí ẹ̀yìnkùlé náà báyìí. Èyí tó wà nínú ìgò nìkan ló kù, kò sì kún ṣíbí kékeré kan mọ́. Bí ó bá gbìn ín lọ́dún yẹn, ó tán nìyẹn. Bí kò bá sì gbìn ín, yóò gbó sínú ìgò di aláìlèhù.

Ó tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láago. Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ní ilé ìwé girama, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì ti lù ní Nàìjíríà.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bọ̀ọ̀dá mi. Ewédú Màmá ló fẹ́ tán mọ́ mi lọ́wọ́.”

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán, ó rẹ́rìn-ín. “Àbúrò mi, ewédú kò ṣe oríkunkun. Òru ló ń wò. Nílé níbí, ọ̀sán àti òru kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ, wákàtí bíi méjìlá méjìlá ni. Ní ọ̀dọ̀ yín, ọ̀sán oṣù Òkúdù tó wákàtí 15. Ewédú ń retí òru tó gùn kí ó tó tanná. Nígbà tí òru yín bá sì fi gùn tó, òtútù ti dé ẹnu ọ̀nà. Ìmọ́lẹ̀ yín ló pọ̀ jù.”

Ìyá dákẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ń ṣàárò láti òwúrọ̀ gan-an ni kò jẹ́ kí ewédú so.

Ọmọ ti fetí kọ́ ọ̀rọ̀ náà láti orí àga. Ó wo òde, ibi tí òjò dídì ti bo ohun gbogbo. “Mọ́mì, ṣé a ò lè da nǹkan bò ó ni? Bí a bá fi garawa dé e mọ́lẹ̀, á rò pé ilẹ̀ ti ṣú.”

“Ọmọ yìí fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́!” ni ẹ̀gbọ́n wí. Ó ní kí wọ́n máa dé e láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ di aago méje òwúrọ̀, kí wọ́n má sì ṣí i wò lóru, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ láàárín òru lè ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Nígbà tí oṣù Ẹbibi dé ìdajì, tí ewu òtútù ti kọjá, wọ́n fi omi gbígbóná ṣe irúgbìn náà gẹ́gẹ́ bí màmá ti máa ń ṣe é, wọ́n sì gbìn ín. Wọ́n fi ìdajì sínú ilẹ̀ fún ọbẹ̀, wọ́n fi ìyókù sínú ìkòkò òdòdó ńlá mẹ́ta. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ògún, iṣẹ́ ọmọ ni láti da garawa dúdú bo àwọn tinú ìkòkò. Ìrọ̀lẹ́ mìíràn wà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é síta nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn, tí ó sì ní kí wọ́n dúró, òun fẹ́ lọ mú kí ilẹ̀ ṣú fún ewédú.

Àwọn tinú ìkòkò tanná, òdòdó wọn kéré, ó pupa bí ẹyin adìẹ, èso gígùn sì tẹ̀lé e. Nígbà tí òtútù fẹ́ dé, wọ́n gbé àwọn ìkòkò náà wọlé, èso wọn sì gbẹ lójú fèrèsé. Àwọn tí wọn kò dé nínú ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná nígbà tí òtútù pa wọ́n.

Irúgbìn tí wọ́n rí kún ìgò náà dé ọrùn. Ọmọ lẹ bébà kékeré mọ́ ọn lára, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ ní Yorùbá: Ewédú Màmá Ìsẹ́yìn, 2011.

Àwọn àgbà ní òru kì í gùn kí ilẹ̀ má mọ́. Ìtùnú ni òwe náà jẹ́ fún ẹni tí òkùnkùn sú. Nínú ilé yẹn, nígbà tí òjò dídì tún dé, wọ́n ti mọ̀ pé òru gígùn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀.