Owó Àbọ̀ Kì í Ṣe Owó Tẹ́tẹ́

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí á rìnrìn àjò láti Èkó dé Ayétòrò ní Ìlàjẹ, kí á máa yà ta káàdì ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Òkìtìpupa àti Igbókòdá. Mo ní, "Owó àbọ̀ ńkọ́?" Ó ní, "A ó jẹ ẹ́ lọ́nà." Ẹ gbọ́ o! Láti Igbókòdá, ọkọ̀ ojú omi la ó wọ̀. Ta ní ń fẹsẹ̀ rin omi padà?

Nígbà tí wọ́n tẹ Ayétòrò dó ní 1947, àpò kan ṣoṣo ni owó ará ìlú ń wọ̀. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́, kí ni yóò fi ta tẹ́tẹ́? Síbẹ̀, òkun ń jẹ ilé wọn láìta káàdì. Mo ti rán owó àbọ̀ mọ́ ṣòkòtò.